Òkèlè Ńlá, Ọbẹ̀ Kékeré: Oúnjẹ, Ìrìn àti Ìlera ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Oúnjẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kì í ṣe oúnjẹ burúkú. Ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, ẹ̀fọ́ wà, ẹja wà, ọsàn àti ìbẹ́pẹ sì wà lójú títì. Ìwọ̀n ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Òkèlè ń ga, ọbẹ̀ ń rẹlẹ̀. Iyọ̀ inú ìkòkò ń pọ̀ sí i. Wákàtí tí ènìyàn fi ń jókòó nínú ọkọ̀ tàbí nídìí ọjà sì ju èyí tó fi ń rìn lọ fíìfíì. Ọ̀nà yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń gbà wọlé, àwọn àìsàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní àìsàn olówó, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ dáńfó àti aláta ló kún ẹnu ọ̀nà dókítà nítorí wọn.

Ẹ wo ọjọ́ iṣẹ́ kan péré. Ẹni tó ń gbé Okota tàbí Àjàó Estate, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, ní láti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Búrẹ́dì Agége àti àkàrà ló fi ń ṣínu, lórí ìdúró ni tàbí nínú ọkọ̀. Lọ́sàn-án, ìrẹsì tàbí àmàlà. Nírọ̀lẹ́, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹlẹ́rìndòdò tútù àti gálà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ẹ̀bà ń délẹ̀, ó sì máa ń ga, nítorí ebi gbogbo ọjọ́ ló kó jọ sójú kan. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, oorun ti dé. Ara tí wọ́n gbé oúnjẹ tó pọ̀ jù fún ní àkókò tí kò níṣẹ́ kankan láti fi ṣe kò ní ọgbọ́n mìíràn ju kó tọ́jú rẹ̀ sí ìbàdí àti ikùn lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọkọ̀ ní Òṣòdì kò mọ̀ pé nítòsí wọn níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ ilẹ̀ yìí láti ọdún 1956, nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FIIRO sílẹ̀. Àwọn ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ gàrí ṣíṣe di iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn náà ló sì gbé sóyà-ògì jáde. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é yẹ ní mímọ̀. Tí wọ́n bá rẹ àgbàdo, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú èròjà amúaradàgbà rẹ̀ máa ń bá èèrí àti omidùn lọ. Àgbàdo fúnra rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 9 èròjà yìí lọ nínú gíráàmù 100, nígbà tí ti ẹ̀wà sóyà ju 35 lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe po méjèèjì pọ̀, pàápàá fún ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀kọ́ kan náà kan àgbàlagbà. Ẹ̀kọ mímu nìkan kì í gbé ènìyàn dé ọ̀sán. Ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà yàtọ̀ sí i pátápátá. Àwọn ìyá àgbà tó ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ ti ṣe ìṣirò yìí parí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ilé ìwádìí.

Gàrí pẹ̀lú kò ní ẹ̀bi kankan lọ́rùn tí wọ́n bá ṣe é dáadáa tó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ lórí àìsàn kan tó ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, tó sì ń pa ojú àti etí. Ohun tó rí tọ́ka sí oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ènìyàn ń jẹ lójoojúmọ́, tí májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ kò tíì kúrò tán, tí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tó ń bá a wọlé kò sì tó nǹkan. Fífi ẹ̀gẹ́ pamọ́ sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan án ló ń lé májèlé náà lọ. Ẹni tó bá ń kánjú yan gàrí tí kò tíì kan nítorí ọjà ọ̀la kò ṣe àdínkù iṣẹ́, ewu ló ń tà.

Àwọn oníṣègùn sábà máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kó pín abọ́ rẹ̀ sí mẹ́rin: kí ẹ̀fọ́ àti èso gba ìlàjì, kí oúnjẹ afúnilágbára gba ìdá kan, kí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan tó kù. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n abọ́ ìrẹsì ló bá mu. Ta ló ń gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò sínú abọ́ kan náà? Fún oúnjẹ òkèlè, ọwọ́ ló rọrùn láti fi ṣe òṣùwọ̀n. Kí ẹ̀bà, fùfú tàbí àmàlà má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ, tàbí kó fi díẹ̀ jù ú tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ alágbára ló ń ṣe. Kí ẹ̀fọ́ kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Kí ẹja tàbí ẹran tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Lójú ẹni tó ti mọ ẹ̀bà tó ga bí òkìtì, ìyà ni èyí jọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó ń mú un rọrùn ni kí ọbẹ̀ pọ̀ ní tòótọ́. Ní búkà, owó tí ènìyàn ìbá fi ra àmàlà kejì lè ra gbẹ̀gìrì àti ewédú kún abọ́, gbẹ̀gìrì sì rèé, ẹ̀wà ni. Kò sí ìmọ̀ràn òyìnbó kan tó dára jù ú lọ fún ẹni tó ń jẹ àmàlà.

Èròjà amúaradàgbà ni owó ń dà láàmú jù. Ẹran màlúù ti wọ́n, pọ̀nmọ́ ló sì gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò. Pọ̀nmọ́ kò pa ènìyàn. Ó dùn, ó sì ń jẹ́ kí ẹnu rí nǹkan ṣe, àmọ́ awọ ni, èròjà inú rẹ̀ kò pé bíi ti ẹja tàbí ẹyin. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6 èròjà yìí. Ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi 23 nínú gíráàmù 100, ó tún ní fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí ikùn kì í lè lọ̀ tán, tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ kí ṣúgà sì máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sàwá àti kòtè, àwọn ẹja tí àwọn kan ń fojú kéré, ní ọ̀rá tó ṣe ọkàn lóore. Ọbẹ̀ tí sàwá méjì wà nínú rẹ̀ lágbára ju èyí tí pọ̀nmọ́ márùn-ún wà nínú rẹ̀ lọ.

Ìgbàgbọ́ méjì kan ń rìn káàkiri Máfolúkù àti Ìsọlọ̀, tó yẹ kí wọ́n tú wò. Àkọ́kọ́ ni pé máòtù tí wọ́n po mọ́ mílíìkì ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara. Áyọ́ọ̀nù ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, inú ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló sì ti ń rí i. Ọsàn tàbí agbálùmọ̀ tí ènìyàn bá jẹ tẹ̀ lé e ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ohun tí máòtù ń fúnni. Èkejì ni pé alátọ̀gbẹ lè jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bó ṣe wù ú. Òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kì í tètè sọ ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bíi èyí tó pọ́n, ṣùgbọ́n oúnjẹ afúnilágbára ṣì ni. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe oògùn.

Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, èyí tó jẹ́ ṣíbí kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ ré orí rẹ̀ kúrò. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, títí kan èyí tó fara pamọ́ sínú búrẹ́dì, gálà àti índómì. Mágí ló ń da ìṣirò rú. Ẹyọ kékeré kan máa ń wọ̀n tó gíráàmù 4, nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ ló sì jẹ́ iyọ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n sọ mágí mẹ́fà sí, tí ènìyàn márùn-ún fẹ́ jẹ, ti fún olúkúlùkù ní iyọ̀ tó ju gíráàmù 2 lọ, kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣíbí iyọ̀ gan-an. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì nìyẹn. Iyọ̀ ń fa omi mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì máa ti ògiri iṣan rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ ló ń san gbèsè náà. Irú, edé, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti ẹ̀fínrín lè gba iṣẹ́ tí mágí ń ṣe, tí wọ́n bá dín mágí náà kù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ dípò kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ahọ́n máa ń gbàgbé adùn àtijọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó bá ra irú kó béèrè bóyá wọ́n ti fi iyọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ epo kò gùn. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ó sì kún fún èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, ṣùgbọ́n bí ìlàjì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá irú èyí tó ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Ìwọ̀nba ló dára jù. Ẹni tó bá yan epo náà títí tó fi funfun fún ọbẹ̀ ayamáṣe ti sun oore fítámì inú rẹ̀ dànù, ó wá ku ọ̀rá. Èyí tó léwu jù lójú pópó ni òróró dúdú tí wọ́n ti fi dín nǹkan láti àárọ̀ àná. Oríṣi ọ̀rá mìíràn tún wà, èyí tí ilé-iṣẹ́ ń sọ di líle, tó burú fún ọkàn ju gbogbo wọn lọ. Òfin NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ọdún 2022 ti pàṣẹ pé kí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ má ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tàbí òróró. Mọ́ínmọ́ín kò bá gbogbo èyí jà. Ẹ̀wà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà ni, omi gbígbóná ló yàtọ̀.

Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl sábà máa ń ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50, bíi ṣíbí tíì méjìlá. Gíráàmù 50 náà ni òpin tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sí ṣúgà àfikún fún ọjọ́ kan gbáko fún ẹni tó ń jẹun déédéé, ìlàjì rẹ̀ ni wọ́n sì gbóríyìn fún jù. Ìjọba àpapọ̀ fi owó orí náírà 10 lé lítà ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìṣúná tí wọ́n buwọ́ lù ní òpin ọdún 2021. Náírà 10 kò dá ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ ń gbẹ nínú oòrùn Òṣòdì dúró. Omi tútù inú ọ̀rá, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí kò sì sùn sínú oòrùn, ló lè dá a dúró.

Àmọ́ ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n fi kan ṣúgà, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀: jẹ̀díjẹ̀dí. Lárààárọ̀ ni àwọn alágbo ń polówó àgbo jẹ̀dí ní ibùdókọ̀, ẹni tó bá sì ti mu tíì dídùn á ti máa bẹ̀rù ìdí rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí ló máa ń wú, ohun tó sì ń wú u ni ìgbẹ́ líle tí wọ́n fi agbára yà, oúnjẹ tí kò ní fáíbà, àìmu omi tó, ìjókòó pípẹ́ àti oyún. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ àti omi ni àgbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ léraléra kò gbọ́dọ̀ fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ìfun náà lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lóòjọ́ ni wọ́n ń sọ pé ó tó fún àgbàlagbà. Ọsàn ńlá kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti ẹ̀fọ́ àtẹ́lẹwọ́ méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kájú rẹ̀. Kí wọ́n fọ ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má sì bọ̀ ọ́ dànù sínú omi mẹ́ta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ ń mú kí ènìyàn fura sí kábáídì, èyí tí NAFDAC ti kìlọ̀ títí pé kí àwọn oníṣòwò má fi mú èso pọ́n mọ́. Ilé àyẹ̀wò ńlá NAFDAC kan wà ní Òṣòdì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú olùrà ló kọ́kọ́ ń pàdé ọjà.

Ní ti eré ìdárayá, kò sí àdúgbò tí ìwádìí àtijọ́ kan bá mu tó Òṣòdì. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kan tó ń jẹ́ Jeremy Morris fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì wé àwọn kọ̀ńdọ́ wọn, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet ní ọdún 1953. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀. Kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn lọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìṣísẹ̀ lóòjọ́, láti gba owó ọkọ̀. Àìsàn ọkàn kéré lára àwọn kọ̀ńdọ́ ju ti awakọ̀ lọ, kì í sì í tètè pa wọ́n. Morris fúnra rẹ̀ tún padà yẹ ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ wọn wò, ó rí i pé ìbàdí ṣòkòtò àwọn awakọ̀ tóbi ju ti kọ̀ńdọ́ lọ, àní láàárín àwọn ọ̀dọ́. Kì í ṣe ìjókòó nìkan ló fà á nígbà náà, sísanra náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ara tó ń rìn ń pẹ́. Awakọ̀ dáńfó tó ń sáré láti Òṣòdì dé ibùdókọ̀ Cele tó tún ń padà, tí kò dìde lórí àga àyàfi tó bá fẹ́ tọ̀, kò yàtọ̀ sí awakọ̀ Lọ́ńdọ̀nù yẹn. Ti èéfín ni tirẹ̀ fi jù ú.

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi rìn kánmọ́kánmọ́, ó kéré tán, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn náà tó tí ènìyàn bá lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Kò dìgbà tí wọ́n bá ra bàtà eré tàbí forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù. Sísọ̀ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú ilé, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù gba àdúgbò, tó. Ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní Òṣòdì ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń kùn sí nítorí gíga rẹ̀. Àtẹ̀gùn yẹn gan-an ni Morris ń sọ. Ó tún ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń sáré ní títì. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó rìn ní ilẹ̀ títẹ́jú, kó sì rìn lárààárọ̀ nínú àdúgbò dípò etí títì márosẹ̀. Obìnrin tó ń jókòó ti ọjà rẹ̀ láti òwúrọ̀ kó máa dìde ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó na ara, kó rìn dé ìsọ̀ kejì. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí iṣan náà ṣiṣẹ́: lílóṣòó kí wọ́n sì dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá, fífi ọwọ́ ti ògiri, gbígbé kẹ́ẹ̀gì omi.

Oorun ni wọ́n ń jí mú jù. Wákàtí méje ni àgbàlagbà nílò, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wọlé ní aago mẹ́wàá tó sì jí ní aago mẹ́rin kò lè rí i. Kò sí ìmọ̀ràn tó lè mú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú kúlà tí wọ́n jẹ ní ibi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ń dín ẹ̀bà alẹ́ kù, ó sì ń jẹ́ kí oorun tètè dé. Páràgà tí àwọn kan fi ń lé àárẹ̀ lọ kò lé e, ọtí ni. Lílo oògùn ara ríro lójoojúmọ́ lórí rẹ̀, láìsí ìwé dókítà, ń ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì. Orí fífọ́ kọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀rọ ni. Kí ènìyàn jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé apá lé tábìlì, kó má sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó lọ rí dókítà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó jẹun láàárọ̀, tí wọ́n sì tún rí i lẹ́ẹ̀kejì, àtọ̀gbẹ ni. Oògùn tí wọ́n bá fúnni kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dá dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn náà ló jẹ́ kí ara yá. Ètò adójútòfò Ìlera Èkó wà fún ẹni tí owó ilé ìwòsàn ń bà lẹ́rù.

Tí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, rọpárọsẹ̀ ni kí wọ́n fura sí. Kí wọ́n má fún un lómi tàbí àgbo, kí wọ́n má sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìsọlọ̀, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí wọn kì í sábà fúnni ní oògùn tó lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì inú ọpọlọ mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀.